Ìṣirò Lẹ́nu Ọmọ: Iṣẹ́ Ìwádìí fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Yọ̀ǹda Ara Yín



Láàrin ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa, a máa ń rí àwọn tó ń ṣe oyè máàsítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, físíìsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ ìkọ́ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ tiwọn, wọ́n tún ń yọ̀ǹda wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti ran àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, bóyá lẹ́yìn ilé-ìwé tàbí ní àárọ̀ Sátidé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí ni pé: "Olùkọ́, ṣé Yorùbá tí mo ń kọ́ yìí wúlò níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò? Ṣé mo lè fi ṣe ìwádìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ lè fi ṣe ìwádìí, ìwádìí tó dáa sì ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín nínú àpilẹ̀kọ yìí: kí ẹ tó pe ohun tí ọmọ sọ ní àṣìṣe, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìrònú tó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí yín wà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà, tí ọmọ bá ti ń di ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ni wọ́n ti máa ń pín wọn sí kíláàsì ìṣirò tó yára àti èyí tó rọra ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bá fi sí èyí tó rọra ń lọ kì í tètè dé ìdí áljẹ́brà. Ẹni tí kò sì tètè ṣe áljẹ́brà, ó máa ṣòro fún un láti ṣe ìṣirò tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà tàbí dókítà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ṣi ọmọ gbọ́ lónìí, ó lè ná ọmọ náà ní nǹkan púpọ̀ lọ́la.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bíi tiyín

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Robert Moses, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bob Moses (1935–2021), jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ènìyàn dúdú ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Ní 1976 ó padà sí yunifásítì Harvard láti tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò. Ní 1982, ọmọbìnrin rẹ̀ tó dàgbà jù wọ kíláàsì kẹjọ ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọn ò sì ń kọ́ áljẹ́brà ní kíláàsì náà. Olùkọ́ ọmọ náà bá ní kí bàbá rẹ̀ máa bọ̀ wá kọ́ òun àti àwọn ọmọ mélòó kan. Bí ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ṣe di olùyọ̀ǹda ara-ẹni nínú kíláàsì ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Algebra Project ti bẹ̀rẹ̀, tó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà. Òun àti Charles Cobb kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé Radical Equations, tó jáde ní 2001.

Kí ni Moses rí? Ó rí i pé àwọn ọmọ kan máa ń kọsẹ̀ níbi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. Dípò kó sọ pé wọn ò mọ̀wé, ó wádìí ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ó wá rí i pé ìbéèrè kan péré ni ìṣirò tí àwọn ọmọ náà ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ń dáhùn: "Mélòó ni?" Áljẹ́brà ní tirẹ̀ tún ń béèrè ìkejì: "Apá ibo ló ń lọ?" Ọmọ tí kò bá ní ìbéèrè kejì yìí lọ́kàn kò lè mọ ohun tí àmì àyọkúrò ń ṣe níwájú nọ́ńbà.

Ohun tó ṣe sí i ni pé ó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń gba Cambridge lọ sí Boston. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ya àwòrán ìrìnàjò náà. Wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tún un sọ ní ọ̀rọ̀ tó mú ibùdókọ̀, iye àti apá ibi tí ọkọ̀ ń lọ jáde kedere. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tó fi àmì ìṣirò kọ ọ́. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ló ṣíwájú àmì. Tí ẹ bá fo ọ̀rọ̀ ẹnu dá, ẹ ti yọ àtẹ̀gùn kan kúrò, ọmọ náà sì lè ṣubú.

Tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá jẹ́ Yorùbá ńkọ́?

Ibí yìí ni Yorùbá ti wọlé. Ẹ ti kọ́ òǹkà wa, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe àròpọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Láti ọ̀kan dé ẹ̀rin lẹ́yìn ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a ń lo "lé": ọ̀kànlélógún, ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n, ẹ̀rìnlélógójì. Tí a bá ti dé márùn-ún, a ti yíjú sí èyí tó wà níwájú nìyẹn, a wá ń lo "dín": àrúndínlógójì, ẹ̀rìndínláàádọ́ta. Kódà àádọ́ta fúnra rẹ̀, ogún mẹ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Adolphus Mann, míṣọ́nárì kan tó gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ lórí òǹkà yìí ní 1887, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ: wọ́n á fa márùn-ún-márùn-ún títí tí á fi di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á sì di igba. Ìṣirò tí ọwọ́ ń ṣe ló wà nínú orúkọ tí ẹnu ń pè.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan: 47 + 38.

47 ni ẹ̀tàdínláàádọ́ta, ìyẹn 50 tó dín 3.
38 ni èjìdínlógójì, ìyẹn 40 tó dín 2.

Ẹni tó bá tẹ̀lé orúkọ wọn á ro 50 mọ́ 40, ó di 90. Á wá ro 3 mọ́ 2, ó di 5, ìyẹn ohun tó dín. 90 tó dín 5 jẹ́ 85. Kí sì ni a ń pe 85 ní Yorùbá? Àrúndínláàádọ́rùn-ún: 90 tó dín 5. Ìdáhùn náà ti wà lẹ́nu kí á tó mú pẹ́ńsùlù.

Ẹ fi èyí wé ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé. Níbẹ̀, wọ́n á to nọ́ńbà méjèèjì lórí ara wọn, 7 àti 8 á di 15, wọ́n á kọ 5, wọ́n á gbé 1 lọ sí apá òsì. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá sọ pé, "Ó jẹ́ àádọ́rùn-ún, kí ẹ yọ márùn-ún," olùkọ́ tí kò mọ ibi tí ó gbà lè rò pé ó kàn ń méfò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn olùkọ́ kan ń fi ọ̀pọ̀ àkókò kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ ìṣirò orí.

Ẹ tún wo "lé" àti "dín" lẹ́ẹ̀kan sí i. "Lé" ń sọ fún wa pé a kọjá àmì, "dín" ń sọ pé a kò tíì dé e. Iye àti apá ibi tí a dojú kọ ló wà nínú orúkọ kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì tí Moses ní áljẹ́brà ń béèrè ti wà nínú òǹkà Yorùbá. Bóyá èyí lè ran ọmọ lọ́wọ́ níbi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo tàbí kò lè ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ni kí ẹ lọ wádìí. Ẹ má gbà á gbọ́ torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ti ṣe ní Ifẹ̀

Kì í ṣe pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìyókù. Àwọn olùwádìí ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí kò tíì ní orúkọ nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò fún wọn, àwọn tó lo ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ìyókù lọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde nínú ìwé ní 1989.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò yín ṣòfò lórí ìbéèrè pé, "Ṣé Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì?" Wọ́n ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Ìbéèrè tó kù ni báwo, níbo, àti fún àwọn ọmọ wo. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán nílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á máa fi kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rí tó yanjú láti inú kíláàsì. Ariwo nìkan ò tó.

Ìwádìí kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ti Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, jáde ní 2001. Ó sọ níbẹ̀ nípa olùkọ́ kan tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọn gígùn. Ètò tí wọ́n ti jọ ṣe ni pé kí wọ́n ta okùn gbọọrọ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ohun tí olùkọ́ náà ṣe ni pé ó ní kí àwọn ọmọ máa wé okùn mọ́ páálí kékeré, kí wọ́n ka ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi èyí tó kù kún un. Ó kọ́kọ́ rú Verran lójú, torí kò bá ètò mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà gbádùn ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, ó sì yé wọn. Ìyẹn ló mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí nọ́ńbà jẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Verran fúnra rẹ̀ tún kìlọ̀ fún wa. Ó ní òun ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ìrònú Yorùbá àti ti òyìnbó jẹ́ ayé méjì tí kò lè pàdé, òun sì wá kọ àlàyé yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tó ń ka nọ́ńbà ní Yorùbá láàárọ̀ tó sì ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án kì í ṣe ọmọ méjì.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ lè mú

Èkíní: ọ̀nà wo ni ọmọ ń gbà ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò? Ẹ fún un ní nọ́ńbà bíi 47 àti 38, 29 àti 16. Ẹ má kàn wo ìdáhùn, ẹ bi í pé: "Báwo lo ṣe rò ó?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀ torí "rò" wà nínú "ìṣirò". Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ní èdè tó fi sọ ọ́. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa níhìn-ín ń gbọ́ Yorùbá nílé ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka nǹkan. Kódà nílé lọ́hùn-ún, ẹ máa gbọ́ tí ìyálọ́jà á fi Yorùbá ná ọjà tán tí á sì pe iye owó ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má rò pé ọmọ mọ "ẹ̀tàdínláàádọ́ta" torí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí òǹkà rẹ̀ dé.

Èkejì: kí ni ọmọ ń wọn nǹkan pẹ̀lú? Nílé, ó lè ti rí ìyá rẹ̀ tó ń bu ìrẹsì pẹ̀lú kóńgò, tàbí bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Nílé-ìwé, wọ́n gbé rúlà fún un. Báwo ló ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì? Ẹ̀kọ́ okùn àti páálí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé ìbéèrè yìí jinlẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ ń mú wá sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì? Ẹ wo "agbára". Yorùbá ń lò ó fún ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀ gedegbe: ohun tó ń ti nǹkan, ohun tó ń mú iṣẹ́ ṣeé ṣe, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń yára tó. Ẹ tún wo "atẹ́gùn". Tí ọmọ bá ní, "Kò sí atẹ́gùn nínú yàrá yìí," ohun tó ń sọ ni pé kò sí èyí tó ń fẹ́. Kò sọ pé yàrá náà ṣófo. Olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé ọmọ náà ò mọ̀ pé ohun tí à ń mí símú wà níbẹ̀. Ẹ tún wo òṣùmàrè: nílé, ọmọ lè ti gbọ́ pé ejò ńlá ni tàbí òrìṣà, nílé-ìwé, ó gbọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀kán omi. Olugbemiro Jegede, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọ Nàìjíríà, kọ̀wé ní 1995 pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ní àlàyé méjèèjì lọ́kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báwo ni ọmọ tó wà níwájú yín ṣe ń ṣe tirẹ̀?

Ọmọ kì í ṣe ohun èlò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ìrànlọ́wọ́ lẹ fi lọ bá ọmọ, kì í ṣe torí ìwé oyè yín. Kí ẹ tó gba ohùn ọmọ sílẹ̀ tàbí kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú iṣẹ́ yín, ẹ bá alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yunifásítì tó ń rí sí ìwádìí lórí ènìyàn. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà. Tí ọmọ bá ní òun ò ṣe mọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìkọ́ ọ níṣẹ́ ọjọ́ yẹn torí pé ó kọ̀.

Tí òbí náà bá jẹ́ Yorùbá, ẹ má ṣe kàn na ìwé ìyọ̀ǹda sí wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ tó wá sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa gbà kí n gba ohùn ọmọ yín sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò?" "Ẹ" ni kí ẹ lò, kì í ṣe "o", bí òbí náà tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbọ́ pé Yorùbá tí àwọn ń sọ nílé ló ń fa ọmọ àwọn sẹ́yìn. Tí iṣẹ́ yín bá parí, ẹ padà wá jẹ́ iṣẹ́ fún wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà ro nǹkan dára, ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èrè tó kan ọmọ náà gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fetí sí ọgbọ́n ọmọdé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá dá ọ̀rọ̀ tàbí òǹkà kan lójú, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì. À ń retí iṣẹ́ yín o.